Àkànní, Gíláàsì Kọ́ Ló Ṣú

Yéè, Àkànní. Bàbá Tóyìn, ṣé bí ẹ ṣe máa lọ nìyí? Ó dìgbà o, ọkọ mi. Ó di etí omi mìíràn, níbi tí epo ọkọ̀ kì í léfòó, tí lékeléke ti lè wẹ̀ kó sì mọ́. Mo ti ké títí ohùn mi fi há. Ẹni tí mò ń ké pè kò dá mi lóhùn.

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ èbúté àti ẹ̀yin aládùúgbò wa ní Ajégúnlẹ̀, èmi Àṣàkẹ́, ìyàwó olóògbé, ni mo kọ èyí. Ìgbìmọ̀ ìsìnkú ní kí n kọ ojú ìwé kan, kí n yin ọkọ mi, kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí n sì dákẹ́. Màá yìn wọ́n, nítorí wọ́n tó yìn. Màá dúpẹ́ níbi tí ọpẹ́ bá yẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun bí egungun ẹja, bí mi ò bá sì sọ ọ́ níbí, mi ò mọ ibi tí mo tún ti máa sọ ọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn jù fún, kó ṣí ojú ìwé tó kàn.

Jósẹ́fù Àkànní Ọládoyin, ọmọ Ìlá tí wọ́n bí sí Ajégúnlẹ̀, tó gbọ́ Ìjọ̀, tó gbọ́ Ìgbò, tó lè fi píjìn làjà kí ọlọ́pàá tó dé. Àkànní, ọkùnrin gíga tí ń fi ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ tẹ ilẹ̀ kí ẹyẹ má bàa fò. Akọ̀wé èbúté tí kò ṣeé rà. Ní Kirikiri Lighter Terminal, bí bájì, ọkọ̀ omi pẹrẹsẹ tó ń kó ẹrù, bá ti fara kan jẹ́tì tí wọ́n ti ń já a, ẹ̀yin lẹ máa ń dúró síwájú rẹ̀ pẹ̀lú pátákó ìkọ̀wé lọ́wọ́, ẹ ó máa ka àpò bí àwọn lébìrà ṣe ń rù ú kọjá. Iye tí ẹ bá kà náà lẹ máa kọ. Àwọn kan bínú sí yín títí, wọ́n ní ẹ ti le jù. Àwọn kan náà ló sunkún jù nílé wa lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Mo ti lo ọdún mẹ́fà nílé yín kí kámẹ́rà tó wọlé. Àlòkù ni, ọ̀gá yín kan tó ń fẹ̀yìn tì ló fi ta yín lọ́rẹ. Inú mi dùn, mo rò pé a ti rí iṣẹ́ àfikún. Mo ti bá yín gba iṣẹ́ ìkómọ mẹ́ta kí ẹ tó mọ ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ ní rárá, ẹ ò ní ya èèyàn. Ẹ ní, "Èèyàn mọ̀ pé wọ́n ń ya òun, á ti tún ojú ṣe. Ẹyẹ ò mọ̀." Bí ẹ ṣe bọ́ sídìí ẹyẹ nìyẹn, ẹyẹ àti omi àti ojú ọ̀run. Mo lọ bẹ àwọn oníkómọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn èèyàn ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń béèrè pé ẹran ìgbẹ́ wo ló wà ní Àpápá ju eku lọ. Ẹ ò bá wọn jà. Ẹ fi lékeléke hàn wọ́n lórí okùn bájì, ẹ fi àwòdì hàn wọ́n lórí kireni, ẹ fi ẹyẹ apẹja hàn wọ́n níbi igi ẹ̀gbà tó ṣẹ́kù létí ọ̀sà, pẹ̀lú ẹja tó ń jà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò sọ yín ní Baba Bird, orúkọ yẹn sì mọ́ yín lára ju Ọládoyin lọ. Ẹ ya gbogbo ayé, ẹ ò ya ara yín. Àwòrán yín tó wà níwájú ìwé yìí, Préyè tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé yín káàkiri ló fi fóònù yà á. A wá òmíràn títí, a ò rí.

Gíláàsì gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀, gíláàsì roboto kan wà tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní fítà. Ó fẹ́lẹ́, ó ní òrùka irin yí ká, wọ́n máa ń yí i mọ́ iwájú lẹ́ńsì kámẹ́rà bí ẹni ń dé ìgò. Mẹ́rin ni ti ọkọ mi, ó sì sọ wọ́n lórúkọ bí ẹni sọ ọmọ. Àkànní, èyí tó mọ́ gaara ni ẹ pè ní Olùṣọ́. Òun ò ṣe nǹkan kan ju kó gba eruku sìmẹ́ńtì àti iyọ̀ omi sára kí wọ́n má bàa ba lẹ́ńsì jẹ́. Apadán ni èyí tí ẹ máa ń yí díẹ̀díẹ̀ títí dídán oòrùn á fi kúrò lójú omi, tí a ó wá rí ohun tó wà nísàlẹ̀. Aláàbọ̀ dúdú lókè, ó mọ́ nísàlẹ̀, ẹ ń lò ó nígbà tí ojú ọ̀run bá mọ́lẹ̀ ju ilẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹrin dúdú bí ìdí ìkòkò. Bí ẹ bá fi òun síwájú, kámẹ́rà á la ojú sílẹ̀ pẹ́, omi tó ń ru gùdù á wá tẹ́ pẹrẹsẹ bí aṣọ tí wọ́n lọ̀. Ìyẹn lẹ sọ ní Adúmáadán. Èmi lẹ sì ń pè bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ ń fẹ́ mi sọ́nà. Mo ní kí ẹ gba orúkọ mi padà lọ́wọ́ gíláàsì, ẹ rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú yín, ẹ ò sì gbà á.

Ẹ kì í yan gíláàsì nínú ilé. Mo tẹ̀ lé yín lọ sí etí omi láwọn òwúrọ̀ Sátidé mélòó kan, mo mọ̀. Ẹ ó kọ́kọ́ dúró lọ́wọ́ òfìfo. Ẹ ó wo ojú ọ̀run, ẹ ó wo omi, ẹ ó wo ibi tí oòrùn ti ń bọ̀. Bí mo bá ní kí ẹ ṣe kíá, ẹ ó ní, "Àṣàkẹ́, kò sí gíláàsì tí kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ìmọ́lẹ̀. Mọ ohun tí o máa pàdánù kí o tó fi í síwájú." Bí ó bá jẹ́ ẹyẹ tó ń fò lẹ fẹ́ yà, ẹ ó yọ gbogbo wọn, ó ku Olùṣọ́, nítorí ẹyẹ ò ní sùúrù fún òkùnkùn. Olùṣọ́ ni ẹ kì í yọ ní Kirikiri láéláé, àfi bí òmíràn bá máa gba ipò rẹ̀. Bí wọ́n bá ń já sìmẹ́ńtì, eruku náà ń bà sórí ohun gbogbo, ẹ ní lẹ́ńsì tí ojú rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀ níbẹ̀ ti di aláìsàn.

Ẹ tún máa ń sọ pé gíláàsì méjì kì í gbé pọ̀ lójú lẹ́ńsì kan. Bí ẹ bá to ọ̀kan lé èkejì, òrùka wọn á ga jù, igun àwòrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á ṣú. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka ìwé yìí fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ló pa wá. Mo tún bi yín lọ́jọ́ kan bóyá kò sí gíláàsì aláwọ̀ tó lè mú kí omi wa rí búlúù bíi ti inú kàlẹ́ńdà. Ẹ wò mí bí ẹni tí mo bú. Ẹ ní, "Omi Kirikiri kì í ṣe búlúù. Ta ni kí n purọ́ fún?"

Ọ́fíìsì àwọn ajẹ́ńtì tí ń bá oníbàárà gba ẹrù jáde ní èbúté ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Warehouse Road. Àwòrán yín kan wà lókè tábìlì mi níbẹ̀. Lékeléke kan ló dúró lórí okùn bájì, omi tẹ́ lábẹ́ rẹ̀ láìsí ìgbì kankan. Adúmáadán lẹ lò. Òwúrọ̀ mẹ́rin lẹ fi lọ síbẹ̀ kí ẹyẹ kan tó gbà láti dúró láìmira títí kámẹ́rà fi ṣe tán. Àwọn awakọ̀ tírélà tó ti fi ọjọ́ mẹ́ta sùn sínú ọkọ̀ máa ń wọlé wá bá mi pẹ̀lú ìbínú, wọ́n á gbójú sókè rí i, wọ́n á dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ èébú wọn. Mo fi yín yangàn níbẹ̀ ju bí mo ti sọ fún yín lọ. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́.

Ìgbà tí ọyẹ́ ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni ọ̀ràn bẹ̀rẹ̀. Ẹ dé láti etí omi lọ́jọ́ Sátidé kan, ẹ gbé kámẹ́rà kalẹ̀, ẹ ò jẹun. Ẹ ní igun ń ṣú. Ẹ yẹ kámẹ́rà wò, ẹ sì rí i pé Apadán lẹ yí lé orí Olùṣọ́. Ẹ ní, "Gíláàsì méjì. Ẹ̀bi mi ni." Ó parí síbẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì ẹ yọ Apadán, ó ku Olùṣọ́ nìkan. Ẹ dé, ẹ ní igun ṣì ń ṣú. Ẹ ní òrùka Olùṣọ́ ló nípọn jù. Ẹ fi aṣọ nù ún, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbé e sójú fèrèsé bí ẹni ń wo owó ayédèrú. Gbogbo gíláàsì tó wà nílé lẹ bá wíjọ́ lóṣù yẹn.

Ẹ kó àwòrán náà fún Tóyìn ọmọ wa kó lọ tẹ̀ wọ́n sórí bébà. Ó kó wọn dé. Mo mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo gbé wọn síbi ìmọ́lẹ̀. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ kedere. Ẹ gbà wọ́n lọ́wọ́ mi, ẹ yí orí yín síhìn-ín, ẹ yí i sọ́hùn-ún, ẹ ní, "Ṣé o rí i? Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣú." Mo ní, "Bàbá Tóyìn, kò ṣú." Ẹ ní ojú mi ò mọ àwòrán. Inú bí mi. Iṣẹ́ ti tán mi lókun lọ́jọ́ yẹn, ẹsẹ̀ mi sì wú. Mo ní, "Gíláàsì tuntun lẹ fẹ́ rà, ẹ kàn ń wá ẹni tí ẹ máa di ẹ̀bi rù." Ẹ kó àwòrán yín, ẹ wọ yàrá lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi rò ó. Àwòrán mọ́. Ẹni tó ń wò ó ní ó ṣú. Kí ló kù láti mọ̀? Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kà pàápàá lè sọ pé ojú ni, kì í ṣe gíláàsì. Èmi tí mò ń fi ojú wá àṣìṣe nínú ìwé ẹrù oníbàárà ní ojoojúmọ́, mi ò rí i. Ọkọ mi náà ò rí i, nítorí ẹni tó ti fi ọdún púpọ̀ mọ̀ pé gíláàsì ló ń mú igun ṣú, gíláàsì náà ni yóò kọ́kọ́ mú. Ìmọ̀ yín ló bo ojú yín, Àkànní. Tèmi ni mi ò mọ ohun tí màá pè é.

Àmì kì í ṣe ọ̀kan. Èjìká yín ń gbá férémù ilẹ̀kùn tí ẹ ti ń gbà kọjá láti ọdún tí a ti kó wọ ilé náà. Kẹ̀kẹ́ kan fẹ́ gbá yín nítòsí ibùdókọ̀ Boundary, awakọ̀ náà bú yín, ẹ ní láti inú afẹ́fẹ́ ló ti já bọ́. Orí ń fọ́ yín ní àárọ̀, ẹ ń lo oògùn pàrá, mo ń se àgbo fún yín. Préyè wá bá mi nílé fúnra rẹ̀. Ó ní, "Madam, I dey wave Baba Bird from side, e no dey see me. Na when I reach im front e go greet me." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Na bird e dey look." Préyè wò mí, ó gbé fìlà rẹ̀, ó lọ. Ó ti sọ tirẹ̀.

Níbi iṣẹ́ pàápàá, wọ́n fún yín ní ìwé ẹ̀sùn, ẹ̀yin tí wọn ò fún rí. Ẹ ka àpò bájì kan, ó dín. Àwọn lébìrà tó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá ni ẹ ò rí. Ẹ jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ ń fi ìka ka nǹkan tí mi ò mọ̀ lórí orúnkún yín. Mo bi yín pé kí ló dé, ẹ ní àárẹ̀ ni. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ ìbí yín kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, mo pinnu pé màá tún ohun tí mo fi ẹnu bàjẹ́ ṣe. Mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo lọ sí Erékùṣù, sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta kámẹ́rà. Mo ní kí wọ́n fún mi ní èyí tó mọ́ gaara, tí òrùka rẹ̀ fẹ́lẹ́ jù lọ, tí kò ní mú igun ṣú. Ọ̀gá tó ń tà á béèrè pé irú àwòrán wo ni wọ́n fẹ́ fi yà. Mo ní ẹyẹ àti omi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbogbo ohun tí ẹ ti kọ́ mi dá a lóhùn, títí ó fi béèrè bóyá èmi gan-an ni oníṣẹ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò dé Àpápá. Bí ó bá jẹ́ pé dókítà ojú ni mo fi ọjọ́ yẹn mú yín lọ rí ni, ìwé mìíràn ni àwọn èèyàn wa ì bá máa kà lónìí.

Ẹ yí gíláàsì náà mọ́ lẹ́ńsì níwájú èmi àti Tóyìn. Ẹ gbé e sójú, ẹ kọ ojú sí ọ̀run lókè ilé, ẹ sì pẹ́ níbẹ̀. Èmi dúró, mo di ọwọ́ mú lẹ́yìn bí ọmọ tó ń dúró de èsì ìdánwò. Ẹ sọ kámẹ́rà kalẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹ ní, "Ó ti mọ́, Àṣàkẹ́. Igun rẹ̀ mọ́ rekete. O ṣeun." Inú mi dùn títí di ọjọ́ kejì. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹ ò sọ̀rọ̀ igun mọ́, mo sì ń sọ fún Tóyìn pé èmi ni mo wo àrùn kámẹ́rà bàbá rẹ̀ sàn. Oṣù mẹ́ta gbáko ló lọ bẹ́ẹ̀.

Òwúrọ̀ Sátidé kan lẹ fẹ́ bọ́ láti orí jẹ́tì sínú ọkọ̀ Préyè. Ó ti tẹ́ pákó sílẹ̀ fún yín. Ẹ gbé ẹsẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ pákó, níbi tí kò sí nǹkan kan, ẹ sì já sáàárín jẹ́tì àti bájì kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà. Préyè bẹ́ sómi tẹ̀ lé yín. Ó ní ọwọ́ tí ẹ fi di kámẹ́rà mú nìkan ló kọ́kọ́ rí, ó nà sókè gbọnrangandan. Préyè, Ọlọ́run á gbọ́ tìrẹ nígbà tí o bá ké pè é. Ìwọ lo fún mi ní ọ̀sẹ̀ méje tí mo tún fi rí ọkọ mi.

Egungun ìhà lẹ fi ṣèṣe, ìyẹn la gbé yín lọ fún. Dókítà ọ̀dọ́ tó ń dì í béèrè bí ẹ ṣe ṣubú. Ó ní kí ẹ wo imú òun, ó wá gbé ìka sókè ní ẹ̀gbẹ́. "Bàbá, ìka mélòó?" Ẹ ní, "Ìka wo?" Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ tún ní, "Ìka wo?" Lójú ẹsẹ̀ ni mo rántí àwọn àwòrán tí igun wọn mọ́.

Wọ́n ya àwòrán inú orí yín. Kókó kan tó tó ìyeyè ló jókòó sórí iṣan ojú méjèèjì, ó ti pẹ́ tó ti ń tẹ̀ wọ́n. Dókítà àgbà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohùn rẹ̀ tutù, kò bá mi wí. Ó kàn béèrè pé, "Mama, ṣé wọn ò sọ fún yín rárá pé ẹ̀gbẹ́ ń ṣú?" Ní gbogbo Sátidé tí Ọlọ́run dá lẹ sọ ọ́ fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn, bí ẹni tí ẹ jọ ń gbé bá ní nǹkan ń ṣú, ẹ má bá a jiyàn, ẹ mú un lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n yọ èyí tí wọ́n lè yọ. Ẹ jí, ẹ mọ̀ wá, ẹ pe Tóyìn lórúkọ. Ṣùgbọ́n ojú ti lọ. Ẹ ò sunkún lójú wa. Lójoojúmọ́ tí mo bá ti wọlé, kí ẹ tó béèrè oúnjẹ, ẹ ó ní, "Báwo lojú ọjọ́?" Màá lọ sójú fèrèsé. Màá ní òjò ṣú lápá ibí, oòrùn wà lápá ọ̀hún. Ẹ ó ní, "Aláàbọ̀ nìyẹn." Màá ní ojú ọjọ́ mọ́, omi tó dúró sí ojú títì ń dán. Ẹ ó ní, "Apadán. Yí i jẹ́jẹ́." Ọjọ́ tí mo ní ẹyẹ kan bà sórí wáyà, ẹ ò dá gíláàsì kankan. Ẹ ní kí n kàn máa wò ó, kí n máa sọ ohun tó ń ṣe fún yín.

Nírọ̀lẹ́ kan ẹ di ọwọ́ mi mú. Ẹ ní, "Àṣàkẹ́, gíláàsì tí o rà fún mi yẹn, kò yí nǹkan kan padà o. Mo gbójú kúrò nínú kámẹ́rà, mo rí bí ojú rẹ ṣe ń dán, mi ò lè sọ ọ́. Irọ́ kan ṣoṣo tí mo pa nídìí kámẹ́rà nìyẹn." Mo fẹ́ bínú sí yín, ìbínú náà ò wá. Oṣù mẹ́ta, Àkànní. Nítorí kí inú mi má bàa bàjẹ́. Mo gbé orí lé àyà yín, mo sunkún, ẹ ń fi ọwọ́ gbá mi lẹ́yìn bí ẹni pé èmi ni mo dùbúlẹ̀ àìsàn. Ó ń dùn mí títí di òní, á sì máa dùn mí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ibà wọlé. Dókítà ti sọ fún wa pé kí a múra sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ lọ, Tóyìn ti jáde lọ ra oògùn, ó ku èmi àti ẹ̀yin. Oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ó bo ibùsùn, ó bo ọwọ́ yín, ó gbóná débi pé mo fi gèlè mi ṣíji bò yín. Ẹ gbé ọwọ́ sókè níwájú ojú yín, ẹ ń wá nǹkan nínú afẹ́fẹ́. Ẹ ní, "Àṣàkẹ́, bá mi yọ Adúmáadán. Mi ò rí ẹ."

Mo na ọwọ́ síwájú ojú yín, mo yí i bí ẹni ń ṣí ìdérí ìgò. Mo ní, "Mo ti yọ ọ́." Ẹ ní, "Ó ṣì ṣú." Mo tún yí ọwọ́, mo ní mo ti yọ Apadán náà, mo ní mo ti yọ Olùṣọ́, kò ku nǹkan kan mọ́ níwájú lẹ́ńsì. Ẹ ní, "Ó ṣì ṣú, Àṣàkẹ́. Ṣé gíláàsì kọ́ ni?" Ọdún mọ́kànlélógún ni mo lò lọ́dọ̀ yín, mi ò gbọ́ ẹ̀rù lóhùn yín rí àfi ọjọ́ yẹn.

Mo ní, "Gíláàsì kọ́. Ilẹ̀ ló ṣú."

Ẹ ní, "Ilẹ̀ ti ṣú?"

Mo ní, "Ó ti ṣú. Wọ́n sì ti mú iná lọ. Gbogbo Àpápá ló ṣókùnkùn."

Ẹ mí kanlẹ̀. Ọwọ́ yín wálẹ̀, ó bọ́ sínú tèmi. Ẹ ní, "Ó dáa nígbà náà. A ó dúró di òwúrọ̀." Ẹ ò tún sọ̀rọ̀ mìíràn mọ́ láyé.

Ọ̀sán gangan ni, Àkànní. Ẹ̀yin tí ẹ ò jẹ́ fi àwọ̀ kun omi, irọ́ ni mo fi sìn yín jáde. Wọ́n ní kí n kọ ìwé ìdágbére, ohun tí mo ní láti sọ fún yín nìyí: oòrùn wà lójú yín, èmi náà wà níbẹ̀, mò ń wò yín. Ẹ foríjì mí. Ẹ sùn re o, ọkọ mi, ẹ sùn re di òwúrọ̀ tí ẹ wí.